Iyọ̀ Tí Alárinà Fi Sí I

Ariwo kan ló mú Hafeezah àti Usamah pàdé, ariwo tí kò ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ.

Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan wà ní Accra nígbà náà, Hamatán lorúkọ wọn, ọmọkùnrin mẹ́rin tí gìtá wọn máa ń pariwo débi pé adìyẹ á sá kúrò ládùúgbò. Àwọn wọ̀nyí ni ẹnìkan lọ bá pé kí wọ́n wá ṣe orin sí fíìmù tuntun, fíìmù nípa abúlé kan tí omi adágún bò mọ́lẹ̀ pátápátá. Gbogbo àwọn tó fẹ́ràn wọn wá ń bi ara wọn léèrè pé, báwo ni aláriwo ṣe fẹ́ kọrin fún omi tó dákẹ́ rọ́rọ́? Ní oṣù kejì ọdún 2018, ẹgbẹ́ náà ju díẹ̀ bíńtín nínú orin ọ̀hún sórí fóònù aráyé, wọn ò ṣàlàyé, wọn ò bẹ̀bẹ̀. Ohun kan ń dún lábẹ́ gìtá níbẹ̀, gííírí, gííírí, bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ nǹkan nílẹ̀. Kí ni nǹkan náà? Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ojúkò wàhálà náà ni ṣọ́ọ̀bù Hafeezah ní àdúgbò Circle, níbi tó ti ń ta íápíìsì àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, àdúgbò Alajo ni wọ́n bí i sí, ọmọ Yorùbá tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Alata. Bàbá rẹ̀, Alhaji Mísbáù, ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìdí òpópónà Alajo. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, àwọn olólùfẹ́ Hamatán á kóra jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù Hafeezah, wọ́n á ní kó tún un fi sí i, kó tún un fi sí i, wọ́n á sì máa jiyàn títí ọ̀fun á fi gbẹ.

"Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń fà," ni Abíọ́lá wí, ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe nítòsí rẹ̀. "Ẹ̀wọ̀n ọkọ̀ ojú omi."

"Ẹ̀wọ̀n kọ́, ẹ̀wù ni," ni Hafeezah dá a lóhùn. "Okùn àwọ̀n apẹja ni. Chale, ọ̀rẹ́ mi, ṣé o ò ní etí ni? Ohun tó tutù ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró sẹ́yìn wọn, ó dé fìlà wọlẹ̀, wáyà ló wá rà. Ó ní, "Ìdérí gọ́tà ni. Wọ́n so wáyà mọ́ ọn, wọ́n wá ń wọ́ ọ lórí kọnkéré."

Hafeezah yíjú sí i. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Èmi ni mo wọ́ ọ."

"Ìwọ?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Tí ìwọ bá jẹ́ ọmọ Hamatán, èmi náà ni ìyàwó Ààrẹ."

Ọmọkùnrin náà kò jiyàn. Ó kàn na ọwọ́ òsì sí i, ó ní kó fọwọ́ kan orí ìka òun. Hafeezah fọwọ́ kàn án. Okùn gìtá ti sọ ọ́ di líle bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Ẹ̀rín bá kúrò lẹ́nu rẹ̀, Abíọ́lá sì la ẹnu sílẹ̀.

"Usamah lorúkọ mi," ni ọmọkùnrin náà sọ. "Ọmọ Ṣakí ni wá, Sabon Zongo ni wọ́n bí mi sí. Ẹ má pariwo, ẹ jọ̀ọ́."

Ohun tí ó yẹ kí Hafeezah bèèrè pọ̀: ṣé o ti níyàwó, kí ni iṣẹ́ bàbá rẹ. Ohun tó bèèrè ni pé, "Kí ló ń bọ̀ lẹ́yìn gííírí yẹn? Ìyókù orin náà ńkọ́?"

Usamah wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tí mo bá sọ fún ọ báyìí, kí ni wàá máa retí lọ́dọ̀ mi?"

Kò sí ẹni tó san owó wáyà lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò sì rántí.

*

Oṣù mẹ́ta ni Usamah fi ń gba Circle kọjá lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀nà ilé rẹ̀ kò gba ibẹ̀. Á ra waakye, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà sè, wá, wọn á jọ jẹ ẹ́ lórí àga onígi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin tí ń pariwo lórí pèpéle ni, ṣùgbọ́n ní ìjókòó, ohùn rẹ̀ kéré, ó sì máa ń fetí sílẹ̀ débi pé èèyàn á sọ ohun tí kò ní í lọ́kàn láti sọ. Hafeezah sọ fún un nípa ilé wọn, nípa ìyá rẹ̀ Àgbékẹ́, nípa bàbá rẹ̀ tó jẹ́ pé tó bá ń fa sípóòkù, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú táyà kẹ̀kẹ́, le, á máa fi ìka ta á lọ́kọ̀ọ̀kan, á tẹ́tí sí i, títí gbogbo rẹ̀ á fi dọ́gba.

"Bàbá rẹ ń fi etí tún kẹ̀kẹ́ ṣe?" ni Usamah bèèrè.

"Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Ṣùgbọ́n nípa orin fíìmù náà, Usamah kò la ẹnu. Hafeezah tàn án, kò gbà. Ó bínú, kò gbà. Ìgbà míì tó bá dùbúlẹ̀, ọkàn rẹ̀ á máa ro ó: ṣé ọkùnrin yìí ni mo fẹ́ ni, àbí ohun tí kò tíì sọ fún mi? Tí orin náà bá jáde tán ńkọ́, tí kò bá sí àṣírí kankan mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ó wá di ọjọ́ kan tí ibà mú Usamah, tí kò wá fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn olólùfẹ́ Hamatán ń jiyàn níwájú ṣọ́ọ̀bù bí ìṣe wọn, Hafeezah kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Ó mọ̀ lọ́jọ́ náà pé òun ti kó sí i. Ìfẹ́ ọkùnrin náà ti wọ òun lára, orin ì báà jáde, kó má jáde.

Nígbà tí ara Usamah yá, ó ní òun fẹ́ rán èèyàn sílé wọn.

*

Ní ilé àwọn Hafeezah, ọkọ ìyàwó kì í wo ojú bàbá ìyàwó sọ̀rọ̀. Alárinà ló ń sọ ọ́. Alárinà tí gbogbo Alajo sì mọ̀ ni Ìyá Ràfíátù, arúgbó tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tó ti so ilé mọ́kànlá pọ̀ tí ìkankan ò tú. Òun náà ló so Mísbáù àti Àgbékẹ́ pọ̀ ní ọdún 1987. Usamah lọ kí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Ìyá Ràfíátù sì lọ bá Alhaji. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, kò jókòó.

"Bàbá yín ò rí àléébù lára ọmọ náà," ló sọ fún Hafeezah àti Usamah. "Ó ní ilé ire ló ti wá, ó ń kírun, kò mutí. Ó gbà á. Ṣùgbọ́n ó ní kó tó di pé a so yìgì, kó gbé gìtá sílẹ̀. Kó má sì fọwọ́ kàn án mọ́ láé."

Fíìmù náà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó jáde. Gbogbo Circle ló mọ ọjọ́ rẹ̀, Abíọ́lá ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sára ògiri.

"Kí ló kù fún ọ nínú iṣẹ́ náà?" ni Hafeezah bèèrè nígbà tí arúgbó náà lọ tán.

"Apá ìparí. Ibi tí omi ti dé ilẹ̀kùn. Èmi ni mo mọ bó ṣe lọ, àwọn mẹ́ta tó kù ò lè parí rẹ̀."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Màá gbé e sílẹ̀," ni Usamah wí. Bó ṣe wí i nìyẹn, kíá, bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Ó yẹ kí inú Hafeezah dùn. Obìnrin wo ni ọkùnrin á torí rẹ̀ ju ohun tó fẹ́ràn jù láyé nù tí kò ní yọ̀? Ẹ̀rù ló bà á. Ó ro ogún ọdún sí iwájú, ó ro ọkùnrin yìí ní ìjókòó nínú ilé òun, ìka rẹ̀ ti rọ̀, tó ń wo òun. Ojú wo ni á fi máa wo òun?

*

Ìyá rẹ̀ ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tó dé ilé. Hafeezah jókòó tì í, ó ní, "Màámi, kí ni gìtá ṣe fún Bàbá?"

Àgbékẹ́ gbé orí sókè. Ẹ̀rín kan wá sójú rẹ̀, irú èyí tí Hafeezah kò rí rí, ẹ̀rín ọmọge.

"Kò ṣe é ní nǹkan kan. Òun náà ló ta á tẹ́lẹ̀."

"Bàbá tèmi?"

"Bàbá tìẹ. Ta lo rò pé ó jẹ́ kó tó di Alhaji? Láti Kumasi ni wọ́n ti ń wá gbọ́ ọ, wallahi. Bàbá mi, Àlàmú, ló wá ránṣẹ́ sí i, ó ní òun ò fọmọ fún onígìtá, kó má fọwọ́ kàn án mọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó ti tà á. Kò wí ọ̀rọ̀ kan. Láti ìgbà yẹn títí dòní, kò dárúkọ rẹ̀ létí mi." Ó bu ìrẹsì, ó fẹ́ ẹ. "Nínú gbogbo obìnrin Alajo yìí, fi ẹnìkan hàn mí tí ọkọ rẹ̀ ṣe irú ẹ̀ fún un. Nígbà míì tí a bá jà, ohun tí mo máa ń rántí nìyẹn, inú mi á sì rọ̀."

Ṣe ni gbogbo sípóòkù tí bàbá rẹ̀ ti ta láti kékeré Hafeezah bẹ̀rẹ̀ sí dún lọ́kàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan gún un bí ẹ̀gún, nítorí ẹni tí kì í fi ìdí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìtú ni Hafeezah, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

"Ṣé Bàbá Àlàmú fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún un?"

"Àna a máa bá àna sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójúkojú ni? Ìyá Ràfíátù ló jẹ́ ẹ fún un."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Hafeezah kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ilé Ìyá Ràfíátù ló gbà lọ. Ó bá a lórí ẹní, ó kúnlẹ̀, ó kí i, kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Ìyá, lọ́dún tí ẹ so Bàbá mi àti Màámi pọ̀, kí ni Bàbá Àlàmú sọ nípa gìtá gan-an? Bó ṣe jáde lẹ́nu wọn ni mo fẹ́ gbọ́."

Tẹ̀sùbáà ọwọ́ arúgbó náà dúró sójú kan.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Ó ní..." Ìyá Ràfíátù wo ẹnu ọ̀nà. "Ó ní kó má máa ta á níbi tí wọ́n ti ń mutí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ̀yin wá ní kó má fọwọ́ kàn án mọ́?"

"Mo fi iyọ̀ sí i, ọmọ mi. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn! Bí bàbá ìyàwó bá ní ẹyọ kan, alárinà á ní mẹ́ta. Ọkọ ìyàwó á sunkún, á bẹ̀bẹ̀, èmi á padà lọ bá bàbá, n ó padà wá, n ó padà lọ, inú oníkálùkù á dùn pé òun ló ṣẹ́gun. Ọkùnrin wo ni kì í bẹ̀bẹ̀? Bàbá rẹ ni. Ó ní 'Mo gbọ́, ìyá.' Ọjọ́ kẹta tí mo ní kí n lọ wò ó, ó ti ta gìtá. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Kí lo fẹ́ kí n sọ fún un?"

"Èyí tí ẹ wá jẹ́ fún Usamah ńkọ́?"

"Bó ṣe jáde lẹ́nu bàbá rẹ ni mo ṣe jẹ́ ẹ. Láti ọdún náà, n kò fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́."

Hafeezah jáde síta, oòrùn ń kọ yànràn. Ẹjọ́ ti di tirẹ̀. Tó bá wọlé báyìí, tó sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Ohun tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ Usamah, ẹnikẹ́ni ò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín rí," kò sí bí bàbá náà ṣe fẹ́ jiyàn. Usamah á parí orin rẹ̀, wọn á so yìgì. Bàbá rẹ̀ á wá mọ̀ pé asán ni òun fi ọgbọ̀n ọdún ṣe. Ìyá rẹ̀ á wá mọ̀ pé ohun tí òun fi ń yangàn láàárín obìnrin, iyọ̀ ẹnu arúgbó kan ni. Ó dúró síbẹ̀ títí tí awakọ̀ trotro kan fi fọn fèrè mọ́ ọn. Ṣé ọmọ lè torí ọkọ ba ilé àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ báyìí? Ó pinnu pé òun ò ní sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n òun ò tún ní jẹ́ kí Usamah gbé gìtá sílẹ̀.

*

Ó bá bàbá rẹ̀ ní ìdí kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òkè. Ó kúnlẹ̀ sínú gíríìsì.

"Bàbá, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ rán Ìyá Ràfíátù sí Usamah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún un."

"Orí rẹ dàrú ni?" Alhaji Mísbáù ju sípánà sílẹ̀. "Èmi ni n ó pe àna mi jókòó, tí n ó máa bá a ṣe àdéhùn bí ẹni ń ra ẹja ní ọjà Makola? Níbo lo ti rí i?"

"N kò rí i níbì kan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo ojú rẹ̀, tí ẹ sọ ọ́, ó parí. Á gbé e sílẹ̀. Èmi náà ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

"Tí n kò bá sọ ọ́ lójú rẹ̀ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ fi rán èèyàn nìyẹn, sà."

Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀ pé òun lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí bàbá òun. Ó tẹrí ba, ó ń retí ìbínú. Bàbá náà mú sípánà, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Kó wá lọ́jọ́ Àìkú. Lẹ́yìn ìrun alásàrí."

Ní ọjọ́ Àìkú náà, Hafeezah àti ìyá rẹ̀ dúró sẹ́yìn kọ́tìnì ṣọ́ọ̀bù Alhaji, wọn ò mí. Usamah wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Alhaji ní kó dìde, kó jókòó sórí àpótí. Ó bojú wò ó. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á.

"Nítorí ọ̀rọ̀ gìtá yìí," ló wí.

"Ẹ̀yin lẹ ni mí, sà. Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni n ó ṣe."

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló bà á jẹ́. Hafeezah rí i lójú bàbá rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ẹlòmíì ló sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí Alhaji ti mọ̀ rí. Ó mú ọwọ́ òsì Usamah, ó yí i pa dà, ó fi àtàǹpàkò tẹ orí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n ní gọ́tà lẹ wọ́ nílẹ̀."

"Ìdérí rẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tó jẹ́ gọ́tà? Kí ló ṣe agogo, kí ló ṣe páànù?"

"Páànù ń ké jù, sà. A fẹ́ ohun tó wúwo, tí kò fẹ́ kúrò níbi tó wà. Bí ará ilé tí wọ́n ní kó ṣí lọ."

"Ẹn-ẹ́n." Alhaji fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Kí ló ń bọ̀?"

Usamah bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ fún un ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Hafeezah na ọrùn, kò gbọ́. Ó fi etí kan kọ́tìnì, kò gbọ́. Ohun tó fi oṣù mẹ́ta bẹ̀bẹ̀ láti mọ̀, bàbá rẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń mi orí! Ìyá rẹ̀ ní láti fọwọ́ bò ó lẹ́nu kó má baà pariwo.

Níkẹyìn, Alhaji dìde. "Lọ parí iṣẹ́ rẹ," ló wí. "Tí o bá parí ẹ̀ tán, kí àwọn èèyàn rẹ wá, ká mú ọjọ́."

*

Àwọn tó wá wo fíìmù náà lọ́jọ́ Sátidé tó jáde pọ̀ ju àga lọ. Àwọn olólùfẹ́ Hamatán ti dé láti agogo mẹ́wàá àárọ̀ fún ohun tó máa bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, Abíọ́lá ti so aṣọ dúdú mọ́rí bí ẹni ń lọ sógun. Alhaji Mísbáù àti Àgbékẹ́ jókòó láàárín wọn pẹ̀lú Hafeezah. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, Hafeezah ò rí bàbá rẹ̀ nínú ilé fíìmù rí.

Gbogbo ènìyàn ti ń dúró de ariwo. Gííírí náà dé, ọ̀pọ̀ bú sẹ́rìn-ín pé àwọn mọ̀ ọ́n. Nígbà tí omi wá dé ẹnu ilẹ̀kùn abúlé náà, ohun gbogbo dákẹ́. Ìlù dákẹ́, gìtá ńlá dákẹ́. Gìtá kan ṣoṣo ló kù, ó ń dún lẹ́yọ lẹ́yọ, ó ń dúró láàárín, bí ẹni tó ń jáde nílé tó tún ń bojú wẹ̀yìn. Kò pariwo rárá. Hafeezah mọ̀ pé ìka Usamah nìyẹn. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì rò ó nínú ara rẹ̀ pé, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo kúnlẹ̀ sínú gíríìsì. Nígbà tí iná tàn, fún ìṣẹ́jú kan gbáko, àwọn aláriwo Circle kò rí ohùn pariwo.

Níta, Àgbékẹ́ lọ kí àwọn ìyá Usamah. Hafeezah dúró ti bàbá rẹ̀ lábẹ́ igi nímù, wọ́n ń wo bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe gbé Usamah sókè.

"Ìyá Ràfíátù wá bá mi lánàá," ni bàbá náà wí. "Ó sunkún títí. Ó ní o ti mọ̀, o ò sì sọ fún mi."

Hafeezah yíjú sí i. "Ẹ má bínú, Bàbá. N kò fẹ́ kó dùn yín ni."

"Ó ń sọ ọ́ fún mi bí ìròyìn. Ìròyìn kọ́." Ó yọ fìlà, ó nu iwájú orí. "Nígbà tí àìsàn dá Bàbá Àlàmú dùbúlẹ̀, ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, ó pè mí. Ó ní, Mísbáù, kí ló dé tí o kì í ta gìtá fún mi gbọ́? Ṣé nítorí pé mo ní o ò gbọdọ̀ ta á ní ilé ọtí lo fi bínú sí mi tó báyìí? Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ̀. Mo sọ fún un pé ìka ń dùn mí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Màámi?"

"Kí n sọ kí ni? O ò rí bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tó bá rántí?"

Hafeezah wo ìyá rẹ̀ níwájú, tó ń rẹ́rìn-ín láàárín àwọn àna tuntun. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. "Ẹ̀yin wá ní kí Usamah náà..."

"Inú ló ń bí mi. Mo ní kí ẹlòmíì náà san án." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Tí wọ́n bá ní kí n tún un yàn lónìí, Hafeezah, ìyá rẹ ni n ó mú. Lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ìyá rẹ ni. Ohun tó kàn ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó ní kí n yàn."